Orúnkún La Fi Ń Ṣètò Lisbon

Ọ̀rọ̀ ìrìnàjò ló kàn wá lónìí.

Ìbéèrè kan wà tí ẹ kì í yéé bi mí. Ẹni tó bá rí ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan gbà lẹ́nu iṣẹ́, tó ti tu owó díẹ̀ jọ, tó sì fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí ìlú àtijọ́ kan ní Yúróòpù, ibo ni kó forí lé? London kì í ṣe àrà mọ́. Ta ni kò ní ẹ̀gbọ́n tàbí ìbátan ní Peckham? Róòmù dára, Párís náà dára. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gba tèmi, Lisbon ni, olú-ìlú Pọ́túgàl, níbi tí odò Tejo ti ń ya wọ inú òkun.

Ìlú náà kò tóbi. Bí ìdajì mílíọ̀nù èèyàn ló ń gbé inú rẹ̀ gan-an, tí a kò bá ka ìgbèríko mọ́ ọn. Ẹ lè fẹsẹ̀ rìn láti etí odò dé ààfin orí òkè kí ẹ má tíì làágùn. Rárá, mo purọ́ níbi tí mo ti ní ẹ kò ní làágùn, ṣùgbọ́n a óò débẹ̀.

Ohun kejì ni pé àwa àti wọn ti mọra tipẹ́. Àwọn Potogí ló sọ Èkó di Lagos. Lẹ́nu tiwọn, “lago” ni adágún omi, “lagos” sì ni bí ó bá pọ̀. Wọ́n rí ọ̀sà, wọ́n fi ohun tí wọ́n rí pe ibẹ̀. Lagos mìíràn wà lọ́dọ̀ wọn lọ́hùn-ún, létí òkun ní apá gúúsù tí wọ́n ń pè ní Algarve. Ní ọdún 1444, ibẹ̀ ni wọ́n ti já èèyàn 235 sílẹ̀, tí wọ́n kó lẹ́rú láti etí òkun Áfíríkà, tí wọ́n sì pín wọn bí ẹní pín ẹran. Ẹni tó bá sì ti jẹ frejon rí ní Ìsàlẹ̀ Èkó ní Jímọ̀ Olóyin, ẹ̀wà tí wọ́n lọ̀ tí wọ́n pò mọ́ wàrà àgbọn yẹn, orúkọ Potogí ló ti jẹ: “feijão” ni wọ́n ń pe ẹ̀wà.

Kí ẹ tó wá sáré lọ ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ gbọ́ kókó ọ̀rọ̀ mi. Orí òkè ni wọ́n tẹ Lisbon dó sí. Méje ni wọ́n máa ń ka àwọn òkè náà, bí àwọn ará Ìbàdàn náà ti máa ń ka tiwọn. Ẹni tó bá ti gun Òkè Màpó láti Bẹẹrẹ pẹ̀lú ẹrù lórí mọ ohun tí mò ń wí. Nítorí náà, orúnkún ni kí ẹ fi ṣètò ọjọ́ méje yín: òkè lónìí, pẹ̀tẹ́lẹ̀ lọ́la. Ẹni tó bá to òkè lé òkè, ọjọ́ kẹta ni yóò jókòó sí òtẹ́ẹ̀lì tí yóò máa fi Robb pa ẹsẹ̀, owó tó san yóò sì máa wò ó lójú.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ti ọ̀rọ̀ ìwé kúrò lọ́nà, torí òun ló ń pa ìrìnàjò kú jù. Físà Schengen ni ẹ ó gbà. Ẹ lè béèrè fún un láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ọjọ́ tí ẹ ó gbéra. Ó pẹ́ tán, kó ku ọjọ́ 15. Ní ilẹ̀ wa níbí, ẹni tó bá dúró dìgbà tó ku ọjọ́ 15 ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ara rẹ̀, torí ọjọ́ tí wọn yóò dá fún un pé kó wá tẹ̀ka lè jìnnà. Pásípọ́ọ̀tù yín kò gbọ́dọ̀ ju ọdún 10 lọ, ó gbọ́dọ̀ ṣì lágbára fún oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí ẹ bá kúrò níbẹ̀, kí ojú ewé méjì ó kéré tán sì ṣófo nínú rẹ̀. Ẹ ó ní ìwé adójútòfò tó lè san owó ìtọ́jú àìsàn tó tó 30,000 yúrò. Owó físà àgbàlagbà jẹ́ 90 yúrò, wọn kì í sì í dá a padà bí wọ́n bá ní rárá.

Ẹnìkan tí mo mọ̀ dáadáa gbé gbogbo ètò yìí lé agẹnti kan lọ́wọ́. Agẹnti fi ìwé òtẹ́ẹ̀lì ayédèrú sí i, àwọn tó ń yẹ ìwé wò pe òtẹ́ẹ̀lì, òtẹ́ẹ̀lì ní àwọn kò mọ̀ ọ́n rí. Owó físà lọ, owó agẹnti lọ, orúkọ rẹ̀ sì ti wọ ìwé wọn. Ẹ fọwọ́ ara yín gba òtẹ́ẹ̀lì, irú èyí tí ẹ lè fagi lé láìsan owó, títí físà yóò fi jáde. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ wa láti ìlú Gẹ̀ẹ́sì, bí pásípọ́ọ̀tù Gẹ̀ẹ́sì bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ kò nílò físà fún ọ̀sẹ̀ kan. Bó bá jẹ́ ti Nàìjíríà lẹ ṣì ń lò, pé ẹ ń gbé London kò yọ yín nínú rẹ̀.

Ìgbà wo ló dára? Oṣù kẹrin sí ìkẹfà, tàbí oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá. Láàárín oṣù keje àti ìkẹjọ, oòrùn a máa mú gan-an, èrò a sì máa pọ̀ bí eéṣú. Lóṣù kejìlá, òjò ni. Ohun kan tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu ni pé aago wọn àti tiwa jẹ́ ọ̀kan náà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn. Nígbà òtútù, wákàtí kan péré ni wọ́n fi wà lẹ́yìn wa. Ẹ kò ní sùn lọ́sàn-án bí ẹni tó ti Amẹ́ríkà dé.

Ní ti ibùsùn, Baixa ni kí ẹ wá ilé sí, tàbí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni, àárín ìlú sì ni. Àwọn kan yóò fi àwòrán ilé ẹlẹ́wà kan hàn yín ní Alfama, àdúgbò orí òkè, tí aṣọ ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lójú fèrèsé. Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè bí àtẹ̀gùn ṣe pọ̀ tó láti ojú títì dé ẹnu ọ̀nà, àti bóyá ẹ̀rọ agbéniròkè wà. Ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ wọn ni kò ní. Bí ẹ bá rí “R/C” lára bọ́tìnnì ilẹ̀kùn, ìsàlẹ̀ pátápátá nìyẹn. Òkè rẹ̀ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka àjà, nítorí náà àjà kẹta wọn ga ju bí ẹ ṣe rò lọ. Yàtọ̀ sí owó yàrá, ìjọba ìlú ń gba 4 yúrò lọ́wọ́ àgbà kọ̀ọ̀kan fún alẹ́ kan, kò sì ní kọjá alẹ́ méje. Fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ fi 28 yúrò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún ìyẹn. Ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ wà ní pápákọ̀ òfuurufú gan-an, ìlà pupa ni. Ẹ kò ní nílò takisí bí ẹrù yín kò bá pọ̀.

Ẹ jẹ́ ká ní ọjọ́ Àbámẹ́ta lẹ balẹ̀. Ẹ sinmi. Ọjọ́ Àìkú, ẹ rin Baixa, torí ẹni tí kò bá mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ kò lè mọ ìtumọ̀ ohun kankan tó bá rí ní Lisbon.

Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kọkànlá, ọdún 1755. Ọjọ́ Àjọ̀dún Gbogbo Ènìyàn Mímọ́ ni. Agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ ti kọjá dáadáa, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì kún, àbẹ́là ń jó lórí gbogbo pẹpẹ. Ilẹ̀ sì mì. Kò mì kó dákẹ́; ó ń mì fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan, òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì ń já lu àwọn tó wà lórí ìkúnlẹ̀. Àwọn tó bọ́ sá lọ sí etí odò, nítorí ibẹ̀ ló tẹ́jú, kò sí ilé tí yóò wó lé wọn lórí. Bí wọ́n ti dúró síbẹ̀, omi fà sẹ́yìn débi pé wọ́n rí ìsàlẹ̀ odò. Lẹ́yìn náà ló padà bọ̀ bí ògiri. Àbẹ́là tó dà nù ní ṣọ́ọ̀ṣì àti iná ààrò ilé sì ti ran ìlú. Ó jó fún ọjọ́ bíi márùn-ún. Ààfin ọba tó wà létí odò lọ tòun ti ìwé àti àwòrán tó wà nínú rẹ̀.

Ọba José kò sí ní ààfin lọ́jọ́ náà, Belém, tí a óò dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, lòun àti àwọn ẹbí rẹ̀ wà. Ó yè é, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù wọ̀ ọ́ lára tó bẹ́ẹ̀ tí kò fẹ́ sùn nínú ilé olókùúta mọ́. Ilé aṣọ àti ilé pákó lórí òkè Ajuda ló ń gbé. Mínísítà rẹ̀, tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Marquês de Pombal, ló dojú kọ àtúnṣe. Ó ní kí wọ́n wó ìyókù, kí wọ́n la títì tó tọ́ gbọnrangandan, kí ilé gbogbo sì ga dọ́gba. Inú ògiri ni ọgbọ́n tó wù mí jù lọ wà: wọ́n fi igi hun nǹkan bí àgò adìyẹ sínú ògiri kí wọ́n tó fi òkúta àti yẹ̀pẹ̀ bò ó, kí ilé lè máa jó tí ilẹ̀ bá ń jó, kó má sì wó. Wọ́n ní àwọn ṣójà ni wọ́n kó wá tẹlẹ̀ kìì-kìì yí àwòṣe rẹ̀ ká, láti dán an wò.

Ẹ óò rí orúkọ àwọn títì náà bí ẹ bá ń lọ: Rua do Ouro, ti wúrà, Rua da Prata, ti fàdákà, Rua dos Sapateiros, ti àwọn oníbàtà. Bí ọjà wa náà ni, iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ọ̀wọ́ tirẹ̀. Gbàgede ńlá tó wà létí odò, Praça do Comércio lórúkọ rẹ̀ nínú ìwé, ṣùgbọ́n àwọn àgbà ibẹ̀ ṣì ń pè é ní Terreiro do Paço, gbàgede ààfin, bẹ́ẹ̀ ààfin ti lọ láti 1755. Ère ọba José lórí ẹṣin ló wà láàárín rẹ̀. Kí ẹ tó lọ sùn, ẹ gòkè díẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Carmo. Wọn kò tún òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ṣe mọ́. Ọ̀pá àjà dúró lásán, ojú ọ̀run sì ni òrùlé rẹ̀ títí dòní.

Ọjọ́ Ajé, ọ̀pọ̀ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Lisbon ni kì í ṣí. Ẹni tí kò bá mọ èyí yóò lọ kanlẹ̀kùn ní Belém, yóò sì padà. Ọjọ́ náà ni kí ẹ gbé fún Sintra. Ọkọ̀ ojú irin ń lọ láti ibùdókọ̀ Rossio, ogójì ìṣẹ́jú ló ń gbà. Àwọn ọba wọn fi òkè Sintra ṣe ibi ìtura, ààfin Pena tó ga jù níbẹ̀ sì kùn pupa àti ìyeyè bí aṣọ eégún. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì Pena lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó kúrò nílé. Wákàtí ni wọ́n ń kọ sí i, ẹni tó bá pẹ́ kò ní wọlé. Ẹ mú ṣúwẹ́tà dání, ìkùukùu a máa bo orí òkè náà kódà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹsẹ̀ yín yóò dùn yín lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ má bínú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun wá di ti pẹ̀tẹ́lẹ̀: Belém, létí odò. Tíráàmù 15 ń gbé yín débẹ̀. Kí ilẹ̀kùn ilé àwọn mọ́ńkì Jerónimos tó ṣí, kí ẹ ti wà lórí ìlà. Ọdún 1501 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ, ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí Vasco da Gama fi ọkọ̀ ojú omi dé Íńdíà. Owó orí tí wọ́n ń gbà lórí òwò ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n fi kọ́ ọ, wọ́n sì ń pe owó náà ní owó ata. Bí ẹ bá dúró lábẹ́ òrùlé yẹn, tí ẹ wo bí wọ́n ṣe gbẹ́ okùn ọkọ̀, ewéko òkun àti ẹranko sára òkúta bí ẹni ń gbẹ́ igi, ẹ rántí pé ata ló kọ́ ọ. Ibojì Vasco da Gama wà nínú ibẹ̀.

Lọ́ọ̀ọ́kán, létí odò, ère àwọn awakọ̀ òkun dúró, èyí tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní 1960. Àwòrán ayé wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀, tí wọ́n fi òkúta aláwọ̀ tò. Ẹ wá Áfíríkà, ẹ ó rí ọdún tí ọkọ̀ wọn dé ibì kọ̀ọ̀kan. Èmi wò ó pẹ́. Wọn kò kọ ohun tí ọkọ̀ náà gbé padà.

Àkàrà òyìnbó kékeré kan wà tí ẹ kò gbọ́dọ̀ padà láìjẹ, wọ́n fi pupa ẹyin àti wàrà sínú rẹ̀, ojú rẹ̀ jóná díẹ̀díẹ̀. Pastel de nata ni gbogbo ìlú ń pè é, ṣùgbọ́n ní Belém ilé kan wà tó ti ń ṣe é láti 1837. Ìlà wọn a máa gùn, ṣùgbọ́n ti àwọn tó fẹ́ gbé e lọ ni; ẹ wọlé, ẹ jókòó, wọn yóò gbé e wá gbígbóná.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ oúnjẹ sì ti dé, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣe èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Alẹ́ àkọ́kọ́, a jókòó sí ilé oúnjẹ kan, a ò tíì béèrè nǹkan kan, ọmọkùnrin agbáwo gbé búrẹ́dì, bọ́tà, wàràkàṣì kékeré kan àti èso ólífì síwájú wa. Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Ẹ ò rí i, wọ́n mọ àlejò ṣe, bí omi tí a máa ń gbé fún àlejò nílé.” A jẹ ẹ́ tán pátá, a tilẹ̀ dúpẹ́. Nígbà tí ìwé owó dé, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan bọ́tà. Àṣà wọn nìyẹn, “couvert” ni wọ́n ń pè é: bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, ẹ ó san án, bí ẹ kò bá fẹ́, ẹ ní kí wọ́n gbé e kúrò, kò sí ẹni tí yóò bínú. Ẹ̀gbọ́n mi kò jẹ ólífì mọ́ títí a fi padà sílé.

Bacalhau lẹja wọn. Ìbátan pánla ni, ṣùgbọ́n iyọ̀ ni wọ́n fi pa á mọ́, bẹ́ẹ̀ òkun Norway, ọ̀nà jíjìn, ló ti ń wá, kì í ṣe ara odò tiwọn. Ó dùn, àmọ́ kò ní ta yín lẹ́nu. Ẹ béèrè piri-piri; ata nìyẹn, wọ́n mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́rú, ẹ tún gòkè: Alfama àti ààfin São Jorge. Àwọn Mùsùlùmí ló ni ìlú yìí tẹ́lẹ̀, kí ọba Afonso Henriques tó gbà á lọ́wọ́ wọn ní 1147, lẹ́yìn tó ti sé wọn mọ́ fún oṣù bíi mẹ́rin. Orúkọ Alfama fúnra rẹ̀, Lárúbáwá ni, ó jẹ mọ́ omi gbígbóná tó ń sun níbẹ̀. Alfama kò wó tó Baixa ní 1755, ìdí nìyẹn tí ọ̀nà rẹ̀ fi ṣì rí kọ́lọkọ̀lọ bí agbolé àtijọ́. Ẹ óò sọnù níbẹ̀, kò sì burú. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òkè, kí ẹ máa sọ̀kalẹ̀ bọ̀. Lójú ọ̀nà, ẹ óò kan ṣọ́ọ̀ṣì Santo António. Ọ̀pọ̀ yín tí ẹ jẹ́ ọmọ ìjọ Àgùdà mọ̀ ọ́n sí ti Padua, ẹni tí a máa ń bẹ̀ bí nǹkan bá sọnù. Ọmọ Lisbon ni. Ibẹ̀ ni wọ́n ní wọ́n bí i sí. Bí ẹ bá wà níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kejìlá oṣù kẹfà, gbogbo Alfama ni yóò máa yan sàdíìnì lójú títì nítorí rẹ̀.

Ẹlòmíràn yóò ní kí ẹ gbé tíráàmù 28 gòkè, èyí aláwọ̀ ìyeyè tó máa ń wà lórí gbogbo káàdì. Ó dára, bí ẹ bá tètè dé ibi tó ti ń gbéra ní Martim Moniz, kí aago mẹ́sàn-án tó lù. Lẹ́yìn ìyẹn, ńṣe ni wọ́n ń há ara wọn mọ́ra. Ilé Àgùdà ni ìlú náà lóòótọ́, àmọ́ jàgùdà ń bẹ nínú tíráàmù. Àpò yín, iwájú ni kó wà.

Bàtà ńkọ́? Òkúta wẹ́wẹ́ dúdú àti funfun ni wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ títì wọn gbogbo. Ó rẹwà, ẹsẹ̀ èèyàn sì ti dán an. Tí òjò bá wọ́n sí i báyìí, ó ń yọ̀ ju ọbẹ̀ ilá lọ. Ẹ fi bàtà gogoro sílẹ̀ fún òde ìgbéyàwó.

Ọjọ́bọ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ fi wá ẹsẹ̀ àwọn tiwa. Ìwé ìrìnàjò púpọ̀ fò ó. Ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì São Domingos, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Rossio. Ìsẹ̀lẹ̀ 1755 bà á jẹ́, wọ́n tún un ṣe. Iná jó o ní 1959, wọ́n sì fi ọ̀pá rẹ̀ tó ti jóná sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dòní. Ẹ fọwọ́ kan án. Òkúta náà ti là, ó rí bí ara ẹni tí iná jó tó ti san. Ní 1506, ibẹ̀ ni ìpakúpa àwọn Júù tí wọ́n sọ di Kìrìsìtẹ́nì tipátipá ti bẹ̀rẹ̀. Òkúta ìrántí wọn wà níta. Inú ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni àwọn aláwọ̀ dúdú Lisbon ti ní ẹgbẹ́ Rosary tiwọn, ẹrú àti ọmọ òmìnira, tí wọ́n ń sìnkú ara wọn, tí wọ́n sì ń dáwó láti ra ara wọn padà.

Wọ́n pọ̀ nígbà náà. Nínú ìkànìyàn tí wọ́n ṣe ní 1551, nínú bí 100,000 èèyàn tó wà ní Lisbon, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 10,000 tí wọ́n jẹ́ ẹrú, ìyẹn ẹnì kan nínú mẹ́wàá. Ní apá ìwọ̀-oòrùn ìlú, títì kan wà tí wọ́n ń pè ní Rua do Poço dos Negros, títì kòtò àwọn aláwọ̀ dúdú. Ní 1515, ọba Manuel kọ̀wé pé kí wọ́n gbẹ́ kòtò tí wọn yóò máa ju òkú ẹrú sí, nítorí pé ìta ni wọ́n ń gbé wọn sọ sí. Ọba Manuel yìí kan náà ló kọ́ Jerónimos tí a lọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ilé kọfí àti ṣọ́ọ̀bù ló wà lójú títì náà báyìí. Ní 1761, wọ́n ṣòfin pé kí ẹnikẹ́ni má kó ẹrú wọ Pọ́túgàl mọ́, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ń lọ sí Brazil síbẹ̀síbẹ̀, ọ̀nà yẹn ni wọ́n gbé kó àwọn tiwa lọ sí Bahia. Àwọn ọmọ wọn tó padà wá sí Èkó là ń pè ní Àgùdà.

Ní gbàgede iwájú São Domingos, àwọn aláwọ̀ dúdú ṣì ń péjọ lójoojúmọ́, àwọn ará Guinea-Bissau ló pọ̀ jù. Lọ́jọ́ tí a lọ, ìyá kan jókòó lórí àpótí, ó ní abọ́ tánganran lórí ẹsẹ̀, aṣọ tútù ló fi bo ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ rí i, ó gbá mi lápá. Ìyá náà ṣí aṣọ: obì ni. Mo bẹ̀rẹ̀, mo mú ọ̀kan, mo là á. Gbànja ni, awẹ́ méjì géérégé, ó pupa bí ẹ̀jẹ̀. Mo ní “Ẹ kú ọjà, mà,” kò gbọ́. Òun náà fèsì, n kò gbọ́. Ó na ìka fún iye owó, mo ná an, ó fi ẹ̀rín gbọn orí, kò yọ kọ́bọ̀ níbẹ̀. Bí mo sì ti sanwó tán, ó mú kékeré kan lé e, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi. Èènì.

Ọjọ́ Ẹtì, ẹ sinmi ẹsẹ̀ lójú omi. Láti Cais do Sodré, ọkọ̀ ojú omi ń sọdá sí Cacilhas ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lókè ibẹ̀ ni ère Kristi tó na apá, 1959 ni wọ́n ṣí i, wọ́n wo ti Rio ṣe é. Afárá pupa gígùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, orúkọ Salazar tó ń fi ọwọ́ líle ṣèjọba ni wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́ nígbà tí wọ́n ṣí i ní 1966. Lọ́jọ́ 25 oṣù kẹrin ọdún 1974, àwọn ológun kékeré gbàjọba, ará ìlú ń fi òdòdó pupa sí ẹnu ìbọn wọn, ogun Àngólà, Mòsáḿbíìkì àti Guinea-Bissau sì parí nítorí rẹ̀. Ọjọ́ náà ni afárá ń jẹ́ báyìí.

Ọ̀rọ̀ méjì péré ni kí ẹ kọ́ kí ẹ tó lọ. “Bom dia” ni ẹ kú àárọ̀. Ẹ sọ ọ́ kí ẹ tó béèrè ohunkóhun, nítorí wọ́n mọ ìkíni bí àwa náà. Láti dúpẹ́, ọkùnrin a ní “obrigado,” obìnrin a ní “obrigada.” Ẹ má pa á pọ̀.

N kò mẹ́nu ba ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn táìlì aláwọ̀ búlúù, n kò mẹ́nu ba orin fado, n kò sọ̀rọ̀ ọjà tàbí etíkun Cascais. Mo mọ̀. Ẹ mú ọ̀kan nínú wọn fún ọ̀sán tí ẹsẹ̀ yín bá ṣì gbé yín, kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀.

Lálẹ́ òní, kí ẹ tó sùn, ẹ yọ pásípọ́ọ̀tù yín jáde níbi tí ẹ tọ́jú rẹ̀ sí. Ẹ wo ọjọ́ tí yóò kú, ẹ ka ojú ewé òfìfo tó kù. Bí kò bá pé méjì, ọ̀la ni kí ẹ ti lọ bá àwọn tó ń ṣe pásípọ́ọ̀tù.